Ọgọ́fà Owó Ẹyọ: Ta Ló ń Bọ́ Ẹni Tó ń Kọ Yorùbá?

"Kí lo fẹ́ fi Yorùbá jẹ?" Kò sí ẹnì kan nínú wa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí tí wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́ ìmọ̀ òfin ń bi wá nílé. Awakọ̀ tó ń gbé wa láti Ìjìgbò lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà Ìwòròkó ń bi wá tó bá ti gbọ́ ohun tí à ń kọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ìbéèrè náà ń fi ọgbọ́n sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fún Yorùbá tí a kọ sílẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó yáa lọ kọ Gẹ̀ẹ́sì.

A kò fẹ́ fi ìbínú dáhùn mọ́, ìtàn la fẹ́ fi dáhùn. Ó ti lé ní 160 ọdún tí àwọn èèyàn ti ń tẹ Yorùbá sórí bébà tí wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí owó ṣe ń wọlé fún wọn yóò rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra: owó tí òǹkàwé ń san nìkan kì í tó gbé iṣẹ́ náà ró. Àwọn tó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣa owó jọ láti ọ̀nà mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ọ̀nà tí owó sì ń gbà wọlé yìí ló sábà máa ń pinnu ohun tí wọ́n ń kọ. Èyí kì í fi gbogbo ìgbà burú. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí à ń fi yangàn jù nínú lítíréṣọ̀ wa, wíwá owó ló bí i. A ó débẹ̀.

Abẹ́òkúta ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere CMS, ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1854, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí 1859 ń parí lọ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, iye tí wọ́n ń tà á sì jẹ́ 120 owó ẹyọ. Ẹni tó bá rántí ìṣirò owó ẹyọ tí a kọ́ ní kíláàsì yóò mọ̀ pé ogójì owó ló ń wà lórí okùn kan. Okùn mẹ́ta nìyẹn. Àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Tí Townsend bá ta ẹ̀dà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀fà ló wọlé fún un. Bẹ́ẹ̀ bébà àti tàdáwà ń ti Ìlú Ọba bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú òkun, wọ́n á já wọn sí Èkó, wọ́n á tún fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé wọn gba Odò Ògùn tàbí kí aláàárù rù wọ́n wọ̀lú. Àwọn tó lè kàwé nígbà náà kò ju àwọn ọmọ ìjọ, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwọ̀nba oníṣòwò lọ. Kò sí bí ẹgbẹ̀fà ṣe lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ìjọ ló ń gbé e. Townsend gbìyànjú ohun mìíràn náà: nígbà tó di 1860, Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú ìwé ìròyìn náà, ìpolówó sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òpó ilé náà ṣì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ìjà Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó ní Èkó gbóná, tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta tí wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́, Ìwé Ìròhìn kú lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe pé àwọn òǹkàwé kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń bọ́ ọ ló lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà sún lọ sí Èkó. Richard Beale Blaize, oníṣòwò pàtàkì, dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́. Ìwé Ìròhìn Èkó tẹ̀ lé e ní 1888. A ó fo àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nítorí àwọn ọdún 1920 ni ọ̀rọ̀ náà wá dùn.

Ní 1922, Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte. Ní 1923, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde. Ní 1924, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní Ìbàdàn. Ní 1928, Isaac Babalọlá Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀. Àwọn tí a dárúkọ yìí nìkan kọ́. Láàrin ọdún mẹ́fà péré, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ti ń bá ara wọn du akọ̀wé, olùkọ́ àti ọmọ ìjọ kan náà. Kò sí èyí tó ní CMS lẹ́yìn nínú wọn. Olóòtú ló ni iṣẹ́ náà, òun ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ló ń wá ìpolówó, òun náà ló ń béèrè gbèsè. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i ṣe?

Owó òǹkàwé wà níbẹ̀, lóòótọ́. Àwọn kan ń ra ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ń san àsansílẹ̀. Àsansílẹ̀ yìí, orúkọ lásán ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn, nítorí wọ́n ń gba ìwé ìròyìn tọdún yìí láìtíì san tèṣí. Ẹni tó bá ṣí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà wò yóò rí bí àwọn olóòtú ṣe ń bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń halẹ̀, tí wọ́n sì tún ń bẹ̀bẹ̀, pé kí àwọn tó jẹ wọ́n lówó jọ̀wọ́ wá san án. Tó o bá ti ṣe aṣojú kíláàsì rí, tó o sì dá owó ìwé ìléwọ́ fún olùkọ́ kan, ohùn yẹn kò ní ṣàjèjì sí ẹ.

Ìpolówó wà pẹ̀lú: oògùn, ọjà ilé ìtajà òyìnbó, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó lówó ìpolówó lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà, àwọn aláṣẹ ìjọba tó fẹ́ mọ ohun tí aráàlú ń sọ náà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà. Ìdí kan nìyí tí àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí kì í fi í ṣe Yorùbá látòkè délẹ̀. Ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. A máa ń rẹ́rìn-ín sí ti Ọbasá, ẹni tó fẹ́ràn èdè Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tó wá lọ sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Ọbasá ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ìlaré Press, ní Ìbàdàn. Ilé ìtẹ̀wé kì í dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn máa jáde kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbéyàwó fẹ́ káàdì, ẹni tó ń sìnkú fẹ́ ìwé ètò, ìjọ fẹ́ ìwé orin, oníṣòwò fẹ́ ìwé rìsíìtì. Àwọn wọ̀nyí ń sanwó kí wọ́n tó kó ọjà wọn lọ, wọn kì í sì í jẹ gbèsè ọdún kan gbáko bíi ti àwọn aláàsansílẹ̀. Nígbà tí òǹkàwé bá fara sá, káàdì ìgbéyàwó ni yóò ra bébà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ilé ìtẹ̀wé ẹlẹ́ni ló máa gbé iṣẹ́ lọ, ìyẹn sì ni gbèsè mìíràn.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ìwé. Àwọn olóòtú yìí kò gbà kí ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì parí síbẹ̀. Kí Dẹ́nígà tó bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte rárá ló ti ṣe Nigerian Who's Who ní 1919, ìwé orúkọ àwọn sàràkí ìlú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́, ọba Èkó tí ìjọba lé kúrò nílùú ní 1925, gba gbogbo ẹnu kan, tí ọba náà sì padà dé ní 1931, Akíntàn tẹ ìwé pélébé kan lé e lórí lọ́dún náà gan-an.

Ọbasá ló ṣe èyí tó wú wa lórí jù. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán ni, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn dá sílẹ̀ láti máa ṣa ìtàn àti ọgbọ́n àwọn baba jọ. Ó ń kó òwe, àkànlò èdè àti ọ̀rọ̀ àgbà jọ, ó ń hun wọ́n di ewì, ó sì ń tẹ̀ wọ́n sínú The Yoruba News. Òǹkàwé kan ń tìtorí ìròyìn rà á, òmíràn ń tìtorí ewì. Nígbà tí ewì pọ̀ tó, ó kó wọn jọ, Ìlaré Press sì tẹ Ìwé Kínní ti Àwọn Akéwì ní 1927. Ìwé kejì tẹ̀ lé e ní 1934, ìkẹta ní 1945. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nínú kíláàsì ewì àpilẹ̀kọ, tẹ́ ẹ kọ́ pé Ọbasá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ewì àkọsílẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí pé oníṣòwò ìtẹ̀wé ni. Bí kò bá ní ẹ̀rọ, bí kò bá ní àyè òfìfo nínú ìwé ìròyìn tó gbọ́dọ̀ kún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ewì mélòó nínú rẹ̀ ni ì bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ wá wo Thomas. Nígbà tí Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, ọjà ti kún. Ó gbọ́dọ̀ wá ohun tí àwọn yòókù kò ní. Ní oṣù keje 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn náà, láti ọwọ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Ó ní òun ti jẹ́ arẹwà tí gbogbo Èkó mọ̀, ọkọ òun kò lóǹkà, nísinsìnyí àìsàn àti òṣì ti dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi ṣàríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà kò tán lọ́jọ́ kan. Títí di oṣù kẹta 1930 ni àwọn lẹ́tà ń jáde, tí Ṣẹ̀gilọlá ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo èèyàn mọ̀, tó ń fi orin àti òwe sí i, tó sì ń pa orúkọ àwọn ọkùnrin mọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé gbogbo Èkó ń méfò. Òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí olóòtú. Àwọn kan ń káàánú rẹ̀, àwọn kan ń bú u, àwọn kan ń béèrè ibi tó ń gbé.

Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ìtàn náà parí, ó sọ ọ́ di ìwé ní 1930, ó sì fi lẹ́tà àwọn òǹkàwé sínú rẹ̀. Ìtàn kan náà ta ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́yìn náà ó tún ta ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí kà á sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí Fágúnwà tó gbé Ògbójú Ọdẹ jáde. Karin Barber sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Nígbà tí a ka èyí pọ̀, ẹnì kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni Thomas fi ta ọjà rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èdè náà: Yorùbá Èkó tó ń rìn, tó ń jó, tó ń sunkún, tí kò jọ ti ìwé ìsìn rárá. Bí kì í bá ṣe pé ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mú kí òǹkàwé padà wá rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá ni ì bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Apá tí kò dùn náà wà. Thomas máa ń rin ìrìn-àjò, á kọ ìròyìn rẹ̀ sínú Akéde Èkó, á sì to orúkọ àwọn tó gbà á lálejò síbẹ̀, ẹni báyìí tó gbé mi sùn, ẹni báyìí tó fún mi lóúnjẹ. Ẹni tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yóò ra tirẹ̀, yóò ra ti ìyá rẹ̀. Tí èèyàn bá kà á pẹ́, ó máa ń sú ni. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń yìn wọ́n kì í sọ: ọ̀nà owó wọn pọ̀, ṣùgbọ́n olóòtú jẹ́ ẹyọ kan. Ọbasá kú ní 1945, The Yoruba News sì bá a lọ. Kò sí káàdì ìgbéyàwó tó lè bá wọn wo ìyẹn sàn.

Ẹni tó lo ọgbọ́n yìí láti ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí kì í ṣe oníwèé ìròyìn, òṣèré ni. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1925, dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Owó ẹnu ọ̀nà ni òpó rẹ̀: ìlú kan lónìí, ìlú mìíràn lọ́la, ẹni tó fẹ́ wòran kó sanwó. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Rockefeller ran án lọ́wọ́ láti lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti ibẹ̀ sì ni Lánke Ọ̀mùtí ti jáde ní 1963, eré tó gbé ka orí ìwé Amos Tutùọlá. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tó wà láàrin òun àti Ìwé Ìròhìn. Owó òkèèrè dé, ó lò ó, ó tán, ẹgbẹ́ òṣèré náà kò kú, nítorí ó ti ń jẹun kí owó náà tó dé. Ó ń bá eré lọ títí tó fi kú ní 1973.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò yòókù mú un jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, wọ́n wọ ibẹ̀. Wọ́n ṣe àwo orin. Nígbà tí Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ìwé àtìgbàdégbà tó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sọ ìtàn, eré wọn di ohun tí èèyàn lè rà lọ sílé. Láti 1976, sinimá Yorùbá náà dé, Àjànì Ògún ló ṣíwájú. Kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí, Hubert Ògúndé ti gbé Aiyé sórí fíìmù. Ìtàn kan ṣoṣo lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àwọn àgbà wa nínú ẹbí ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní Atọ́ka títí tí èèpo rẹ̀ fi máa já. Òǹkàwé mẹ́wàá, owó ẹnì kan.

Ìjọba náà gbìyànjú. Daily Sketch, tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dá sílẹ̀ ní 1964, bí Gbohùngbohùn ní 1970, ìwé ìròyìn Yorùbá tó já fáfá. Nígbà tí wọ́n pín Ìwọ̀-oòrùn sí mẹ́ta ní 1976, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó jọ ni Sketch. Inú Oǹdó ni àwa ará Èkìtì wà nígbà náà, nítorí náà owó àwọn òbí wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti baba mẹ́ta, ebi ló máa ń pa á. SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, bébà tí à ń rà láti òkè òkun gbówó lórí, Sketch bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Nígbà tó ṣubú, Gbohùngbohùn kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó fi lè dúró.

Èyí ló jẹ́ kí Aláròyé jẹ́ ìyàlẹ́nu. Aláò Adédayọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní 1985, kò dúró. Ó tún gbìyànjú, kò dúró. Ní oṣù keje 1996 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Kúdíràt Abíọ́lá, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní àhámọ́, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì ń wá ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Àwọn òbí wa ní Adó máa ń sọ bí àwọn tí kò lè ra á ṣe ń dúró yí ká orí tábìlì oníwèé ìròyìn, tí ẹnì kan á máa kà á sókè fún wọn. Ó tà gan-an. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ bí Abíọ́dún Ṣàláwù tó ti kọ púpọ̀ lórí ìwé ìròyìn Yorùbá ń tọ́ka sí ìṣòro tí Townsend ti bá pàdé: àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kì í fẹ́ gbé ìpolówó fún ìwé ìròyìn èdè abínibí. Wọ́n gbà pé tálákà ló ń ka Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ tálákà yìí kan náà ló ń ra ọṣẹ, ìyọ̀ àti káàdì fóònù tí wọ́n ń polówó. Aláròyé wá ọ̀nà mìíràn, ó bí àbúrò bí Akéde Àgbáyé, ó sì gbára lé àwọn tó ń rà á ju bí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe lọ.

Àpẹẹrẹ kan péré láti òde òní. BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Yorùbá rẹ̀ ní oṣù kejì 2018, lára àwọn èdè tuntun tí owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kó ṣeé ṣe. Àwọn tó gboyè nínú iṣẹ́ wa rí iṣẹ́ gidi níbẹ̀, inú wa sì dùn. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, BBC World Service kéde pé iṣẹ́ 382 máa lọ, Yorùbá sì wà lára èdè méje tí wọ́n ní yóò di ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. London ni wọ́n ti pinnu rẹ̀. Kò sí òǹkàwé kan ní Adó tí wọ́n bi léèrè.

Kí ló kan àwa nínú gbogbo èyí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń lọ bá àwọn àgbà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan nínú Adó, tí à ń gba oríkì àti ìtàn àdúgbò wọn sílẹ̀, tí à ń da ohùn wọn kọ, tí à ń fi àmì sí i. Ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ewì yẹ kó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ (ká má fi oyè ọba ṣeré). Ìwé náà ti parí, owó ìtẹ̀wé ni kò sí. Méjì nínú àwọn àgbà tó kì fún wa ti lọ, wọn kò rí i.

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń múra ìdìbò wá gbọ́. Ó rán èèyàn sí wa pé òun máa san gbogbo rẹ̀, pátápátá, kí a ṣáà fi fọ́tò òun sí ẹ̀yìn ìwé, kí òun sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. A pàdé lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn kan ní kí a gbà á: àgbà méjì ti lọ, ṣé kí a dúró dìgbà tí gbogbo wọn bá lọ ni? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn yòókù béèrè pé tó bá wọlé ńkọ́, tí kò bá wọlé ńkọ́, ta ni yóò tẹ ìwé kejì? Ẹnì kan ní, "Ṣé ilé Ewì la fẹ́ gbé ìwé tó ní fọ́tò olóṣèlú lẹ́yìn lọ?" Ẹnu dákẹ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. A ní kí Bọ̀ọ̀dá ra ojú ewé ìpolówó kan nínú, ní iye tí oníbúrẹ́dì àti aránṣọ yóò san. Àwọn ìdílé tí oríkì wọn wà nínú ìwé yóò san owó ẹ̀dà tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ oríkì sínú ìwé ètò ìsìnkú nínú wa, tí wọ́n sì ń gbowó lé e, yóò máa yọ ìdá kan sínú àpò ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin la fẹ́ kó wà nínú ìwé àsansílẹ̀. A ti ka ìtàn Akéde Èkó, a kò ní fi ìwé ránṣẹ́ kí owó tó dé. Nítorí pé àwọn kan nínú wa ń gboyè jáde lọ́dún yìí, a pín iṣẹ́ náà sáàárín èèyàn márùn-ún láti ọdún kejì sí ìkẹrin, kó má baà jẹ́ ti ẹnì kan.

Bọ̀ọ̀dá ní òun máa ronú sí i, kò tíì pè wá padà. Alága ilé ìtẹ̀wé kan nínú ìlú ló pè. Ó ní òun máa din owó fún wa tí a bá lè máa bá òun yẹ gbogbo iṣẹ́ Yorùbá tó bá wọlé wò, nítorí àwọn oníbàárà ti ń bínú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún wa ni ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan láti Òkè-Ìlá, ojú ewé mẹ́jọ, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láìsí àmì kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ẹtì ni ó fẹ́ kó jáde. A ti fi àmì sí márùn-ún.